Ẹni Tí Kò Lè Parọ́ fún Yèyé

Ìyá mi kì í parọ́. Ẹ má rò pé mo ń yìn ín o. Ọ̀dọ̀ àwọn Kuéékà ló ti kọ́ ọ, àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ kan tí wọ́n máa ń pàdé ní pálọ̀ ilé ẹnì kan l'Óṣogbo ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Kò sí pásítọ̀ níbẹ̀, kò sí orin. Wọn á kàn jókòó, wọn á dákẹ́, wọn á máa retí kí Ọlọ́run bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ọkàn. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn odi làwọn aládùúgbò wa ń pè é. Èmi náà ti bá wọn jókòó rí, títí oorun fi gbé mi lọ.

Wọn kì í búra, wọn kì í sì í parọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Ìyá mi wá gbé e karí. Tí àlejò tí kò fẹ́ rí bá kan ilẹ̀kùn, kò ní í jẹ́ ká sọ pé òun ò sí nílé. Tó bá ń jáde, kì í sọ pé "mo ń bọ̀" bíi ti gbogbo ọmọ Yorùbá. "Mo ń lọ" ló máa ń sọ, gbogbo ilé á sì máa ké pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, títí bàbá mi fi kú.

Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ti wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ìfẹ̀wàrà la ti mú un wá, nígbà tí iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò débi pé ó ń ṣìnà oko kòkó tó ti ń lọ láti ìgbà ìyàwó. A kì í sáà sọ fún arúgbó pé ọmọ rẹ̀ kú. Àwọn àbúrò bàbá mi wá láti Iléṣà, wọ́n kó wa jọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n ní ohun tí a máa sọ ni pé iṣẹ́ gbé e lọ sí Àbújá. Gbogbo wa gbà. Ìyá mi nìkan ni kò gbà.

Nígbà tí Yèyé béèrè ọmọ rẹ̀, ìyá mi jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Yèyé, ọmọ yín ti kú." Kò tiẹ̀ sọ pé ó ṣaláìsí. Yèyé ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sunkún títí ó fi sùn. A ní ó burú, àmọ́ ó ti tán. Ilẹ̀ mọ́, Yèyé mu ẹ̀kọ tán, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní ọmọ òun dà.

Ó ti gbàgbé. Ìyá mi sì tún sọ fún un.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sin bàbá mi lójoojúmọ́ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí Yèyé bá gbọ́ ọ, ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ó ń rù, oúnjẹ ò wọlé mọ́. Mo sọ fún ìyá mi lójú pé èyí kì í ṣe ìgbàgbọ́, ìkà ni. Mo bi í bóyá nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn yẹn ni Ọlọ́run ti rán an pé kó pa arúgbó díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ mi ni. Ṣé o rò pé ó rọ̀ mí lọ́rùn láti máa sọ ọ́ ni?"

Mo ní kó yé sọ ọ́ nígbà náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyá mi wà níbi iṣẹ́, mo gbé iyán fún Yèyé. Ó béèrè ọmọ rẹ̀. Mo ní bàbá mi wà ní Àbújá, ó ní kí n kí i. Háà, ẹ wá wo ojú arúgbó! Ó ṣàdúrà fún un, ó ki oríkì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Inú mi dùn, mo fẹ́ sunkún. Ibẹ̀ la wà tí ìyá mi fi wọlé. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Yèyé gbójú sókè. "Ìyàwó mi, wọ́n ní ọkọ rẹ wà ní Àbújá. Ìwọ lo kì í tàn mí. Ṣé òótọ́ ni?"

Ìyá mi gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Rárá, Yèyé. Ó ti kú."

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ Yèyé. Mo sáré lọ gbá a mú, ó fi ìgúnpá tì mí dànù. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ó fi orí sí i láyà, ó ní, "Má jẹ́ kí òpùrọ́ yìí fọwọ́ kàn mí."