Ìtàn Tí Mo Pa Nídìí Irun

Bí mo bá gbóòórùn àtáṣímẹ́ǹtì tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ní ṣónṣó, àárọ̀ Sátidé ní ìsọ̀ màámi ní Àìlégùn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Onídìrí ni màámi. Abẹ́ páànù kan lẹ́bàá títì ni ìsọ̀ wọn wà, bẹ́ǹṣì méjì, àpótí kan àti rédíò tí kì í sinmi. Orí àpótí ni wọ́n ń jókòó, ẹni tó fẹ́ dirun á jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ya àtáṣímẹ́ǹtì, kí n sì máa pa ìtàn fáwọn ọmọdé kí wọ́n má baà máa mi orí.

Ìtàn yẹn, mo mọ̀ ọ́n pa. Bó bá jẹ́ ṣùkú ni, ìtàn kúkúrú. Bó bá jẹ́ dídì wẹ́wẹ́, mo lè fà á títí oòrùn á fi kàn wá lórí. Bó bá wá ku ìlà kan, màá dákẹ́ síbi tó dùn jù: "Ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá tún wá dirun." Ẹ̀rín á pa màámi. "Ọmọ yìí, o ti ń bá mi fa oníbàárà."

Ẹni tí wọ́n ń dì nírun kì í rí ojú ẹni tó ń dì í. Bóyá ìdí nìyẹn táwọn obìnrin fi ń tú gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wọn síbẹ̀. Màámi a sì máa kìlọ̀ fún mi pé, "Ohun téèyàn bá gbọ́ nídìí irun, ìdí irun ni kó fi í sí."

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí Màmá Rẹ̀mí, tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa, sọ fún màámi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Àǹtí Rẹ̀mí, àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ṣì ń tọ̀ sílé. Láràárọ̀ ni wọ́n ń sá búláńkẹ́ẹ̀tì pupa kan sẹ́yìnkùlé kí àwọn ará ilé tó jí. Mò ń ya àtáṣímẹ́ǹtì. Wọ́n rò pé n kò gbọ́.

Ní Sátidé kejì, ìtàn tán lẹ́nu mi. Màámi ti sọdá títì lọ ra òwú. Àwọn ọmọ mẹ́ta wà lórí bẹ́ǹṣì, Bọ́lá, àbúrò Àǹtí Rẹ̀mí, wà lára wọn. Mo bá dá ọmọ ọba kan sílẹ̀ tí ń tọ̀ sílé. Mo pa orúkọ dà, mo pa ìlú dà. Mo gbàgbé láti pa búláńkẹ́ẹ̀tì pupa náà dà.

Bọ́lá fò sókè. "Búláńkẹ́ẹ̀tì pupa? Ti Àǹtí Rẹ̀mí wa nìyẹn!"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò ti kún ẹnu géètì wọn: "Atọ̀ọ́lé! Atọ̀ọ́lé o!" Àǹtí Rẹ̀mí yìí ló máa ń dì mí lọ́wọ́ mú sọdá títì lọ sílé ìwé. Ní Mọ́ńdè, kò jáde. Ní Túsìdeè, kò jáde.

Màámi kò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, wọ́n kó òòyà àti òwú sínú báàgì. "Dìde. Ẹnu tó tú ọ̀rọ̀ náà la máa gbé lọ síbẹ̀."

Bí a ṣe wọ ilé wọn, màámi kúnlẹ̀ fún Màmá Rẹ̀mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dàgbà ju Màmá Rẹ̀mí lọ dáadáa. "Ẹ má bínú. Ìsọ̀ mi lọ̀rọ̀ yín ti jò, orí mi lẹ̀bi wà." Wọ́n wá pe Àǹtí Rẹ̀mí: "Wá jókòó, jẹ́ n dì ẹ́ nírun, o ń lọ sílé ìwé lọ́la." Ó jókòó, kò wò mí. Màámi ya ìlà àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Fúnmi, pa ìtàn. Tìẹ ni kó o pa o."

Mo wá sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnì kankan rí: pé mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì wa pé Jámánì ni bàbá mi wà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ìsọlọ̀ ni wọ́n wà pẹ̀lú ìyàwó mìíràn. Mo ti rí wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ọmọ kan kọ́rùn, mo sì sá pamọ́ kí wọ́n má baà rí mi.

Ọwọ́ màámi dúró sórí irun. Wọn kò mọ̀ pé mo ti rí bàbá mi. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa imú.

"Jámánì?" Àǹtí Rẹ̀mí ló sọ̀rọ̀. "Irọ́ ẹ mà tóbi o, Fúnmi." Ó rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dì mí lọ́wọ́ mú sọdá títì. Ó dì í mú débi pé ó dùn mí.

Ìwé ìtàn fáwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà ni mò ń kọ báyìí, lórí tábìlì ìjẹun wa ní Èjìgbò, nígbà tí ọmọ mi bá wà nílé ìwé. N kò kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdìrì, ìsọ̀ yẹn ló kọ́ mi ní ìyókù. Kò sí ọmọ kan nínú ìwé mi tí kò ní ohun tó ń tì í lójú, tèmi ni mo sì ń kọ́kọ́ fún wọn. Èyí tó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, mo máa ń lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ni. Àǹtí Rẹ̀mí ti di nọ́ọ̀sì. Wọ́n ka èyí kí ẹ tó kà á. Wọ́n ní kí n má yọ búláńkẹ́ẹ̀tì kúrò.

Ní Sátidé tó kọjá, mò ń di irun ọmọ mi. Ó jókòó láàárín ẹsẹ̀ mi, kò rí ojú mi. Ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ o." Ó sì sọ ọ́. Fúnmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ì bá ti fi pa ìtàn kí irun náà tó parí. Fúnmi yẹn mọ ìtàn pa jù mí lọ, n kò jiyàn. Èmi ya ìlà tó kàn, mo fi ìpara sí i, mo ń dì í lọ.