Iyọ̀ Ẹnu Ọ̀nà Mi

Kóró ilá márùn-ún ni màmá mi dì sínú ọ̀rá fún mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ ní ìlú Calgary lókè òkun. Wọ́n ní omi òjò ni kí n máa bù sí i, pé omi ẹ̀rọ ò dáa fún un. Lọ́dún tó kọjá, màmá mi kú. PR mi, ìwé ìgbélùú, ò tíì jáde, mi ò lè lọ. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú ìyá tó bí mi, nínú basement lábẹ́ ilé, ní àdúgbò Taradale, èmi nìkan ṣoṣo.

Mo wá gbin márààrún sínú ike ice cream lójú fèrèsé. Mẹ́ta hù. Mo máa ń kí wọn láàárọ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ màmá mi." Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, jàre. Ta ni kí n tún kí? Bàbá onílé tó ń gbé lókè, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, "ẹ káàárọ̀, sà" lásán ló ń pa wá pọ̀.

Òjò ò rọ̀, snow ló wà. Mo ní ṣebí omi òjò tó dì náà ni. Tí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, màá bu snow lẹ́nu ọ̀nà mi, màá jẹ́ kó yọ́, màá dà á sí ilá. Mo rò pé mo gbọ́n. Kò pẹ́, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, nǹkan funfun sì bo iyẹ̀pẹ̀. Mo ní òùngbẹ ni, mo tún da omi sí i.

Inú train ni mo ti ń kà nípa àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ tó dáko láàárín odò méjì ní ilẹ̀ Iraq òde òní. Wọ́n la kòtò kí omi odò lè wọ oko, àlìkámà sì ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n omi yẹn ń gbé iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ wá, kò sì rọ́nà jáde. Oòrùn á fa omi gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù. Nígbà tó yá, ilẹ̀ wọn funfun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin bálì, ọkà mìíràn tó lè fara da iyọ̀ díẹ̀. Níbòmíì, bálì náà ò ṣe mọ́.

Háà! Eré ni mo sá délé. Mo fi ìka kan iyẹ̀pẹ̀, mo lá a. Iyọ̀! Inú snow ẹnu ọ̀nà mi ló ti wá. Ike ọ̀hún ò tiẹ̀ nihò nídìí. Méjì ti kú, ìkẹta ti dorí kodò.

Ìgbà tí mo fi ìbínú ṣílẹ̀kùn, bàbá onílé rèé, wọ́n ń fọ́n iyọ̀ sórí snow.

"Ẹ̀yin lẹ ń da iyọ̀ síbí, sà?"

"Èmi ni, kí yìnyín lè yọ́. Mo máa ń dà á sí ọ̀dọ̀ tìẹ ju tiwa lọ. Tí o bá yọ̀ ṣubú, ta ló máa gbé ẹ? Ṣé o lẹ́nì kankan níbí ni?"

Gbogbo ìbínú mi rọ̀ wọ̀ọ̀. "Rárá, sà," mo ní. "Ẹ ṣé." Mo wọlé, mo sunkún.

Ilá kẹta kú lọ́jọ́ kejì. Mi ò sọ fún bàbá. Tí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi mọ́.