Ewé Tí Bàbá Múlí Gbà Lálejò

Òórùn ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Wọ́n ti fi táìlì tẹ́ gbogbo ilẹ̀, wọ́n ti fi irin tó ń dán ṣe ọgbà sí etí omi, àga aláràbarà wà lábẹ́ agboòrùn ńláńlá, ọmọbìnrin kan sì ń ta áísìkiriìmù. Síbẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ wá láti ojú omi, òórùn ẹrẹ̀ dúdú yẹn ṣàdédé gba imú mi, mo sì dúró sójú kan. Àbíkẹ́yìn mi ló mú mi wá, kí n lè rí bí wọ́n ṣe sọ èbúté wa àtijọ́ di ibi ìgbafẹ́. Ó rò pé ó rẹ̀ mí, ó ń wá àga fún mi. Kò rẹ̀ mí jàre. Ọjọ́ ló pẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dé kápù ló ń mú àwọn àlejò káàkiri, tó ń sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn. Ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní igbó kìjikìji ni gbogbo ibi tí a dúró sí yìí tẹ́lẹ̀, pé ejò àti ẹ̀fọn nìkan ló ń gbé ibẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń mi orí, wọ́n ń ya fọ́tò. Inú bí mi débi pé etí mi gbóná. Igbó wo? Ibi tí mo ti mọ ẹni tó ń yan ẹja lọ́hùn-ún, tí mo mọ ẹni tó ń bú wa níhìn-ín tí a bá ta omi sí i láṣọ? Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ka èyí ni mo máa rò ó fún.

Àwọn ọdún 1980 là ń wí. Èkìtì ni wọ́n ti gbé bàbá mi wá ṣe tíṣà ní agbègbè Ìkòtún, a sì gba yàrá sí ìhà Ìjẹ̀gùn nítorí pé ilé kò wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ nígbà náà pé Ìjẹ̀gùn lòun ń gbé, àwọn ará Ìdímù á bi í bóyá Èkó náà nìyẹn ṣá. Bí òjò bá ti rọ̀, bàtà á kú sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá lẹ́yìn àwọn ilé, á bọ́ sétí omi, ibẹ̀ gan-an sì ni ayé wà. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù ń bọ̀ láti ìhà Àgbádárìgì pẹ̀lú àgbọn, ẹní, akàn tó ń họ inú apẹ̀rẹ̀, àti ẹja yíyan tí òórùn rẹ̀ máa ń ṣáájú ọkọ̀ gúnlẹ̀. Gàrí, ọṣẹ àti ìṣáná ni wọ́n máa ń kó padà.

Bàbá Múlí ló ni ọkọ̀ tó tóbi jù níbẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀, ará etí ọ̀sà ni, láti ìhà Àgbádárìgì. Ó ga, ó gbẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀, àmọ́ tó bá ti wọ ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Múlíkátù ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó lé nílé ìwé. Òun ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, èmi ń kọ́ ọ ní ìṣirò, kò sì sí èyí tó yege nínú àwa méjèèjì. Bàbá tèmi ńkọ́? Ará orí òkè, ẹ̀rù omi ń bà á bí ẹni pé ẹkùn wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó wọ ọkọ̀ Bàbá Múlí, àárín gbùngbùn ló jókòó sí, ó di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, ó sì ń ka Sáàmù títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí i. Odidi táàmù kan ni wọ́n fi ń ka Sáàmù wúyẹ́wúyẹ́ tó bá ti yíjú sí pátákó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín, torí òun ló bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn èèyàn Bàbá Múlí kì í kàn da àwọ̀n sómi. Wọ́n á gé ẹ̀ka igi, wọ́n á rì í mọ́ ilẹ̀ odò títí á fi dà bí igbó kékeré nínú omi, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹja fẹ́ràn ibi tó ṣókùnkùn. Epìyà á wá sá pamọ́ síbẹ̀, á jẹ, á bí, á sanra. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa ẹ̀ka jáde, tọmọdé tàgbà á sì gbé abọ́ wá. Lójú wọn, ohunkóhun tó bá ti ṣíji bo omi, ọ̀rẹ́ ẹja ni, ọ̀rẹ́ àwọn náà sì ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ewé kan léfòó wá láti òkèèrè lójú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tutù yọ̀yọ̀, òdòdó elésè àlùkò wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí. Àwọn obìnrin ní ó lẹ́wà. Múlí já òdòdó rẹ̀, ó fi sí mi nírun. Bàbá Múlí bẹ̀rẹ̀ látinú ọkọ̀, ó gbé ọ̀kan sókè, ó wo gbòǹgbò rẹ̀ tó gùn bí irùngbọ̀n, ó rí àwọn ọmọ edé tó rọ̀ mọ́ ọn, ó bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Ọlọ́run ti bá òun gé ẹ̀ka lọ́dún yìí. Ó ri ọ̀pá yí ewé náà ká kí omi má baà gbé e lọ, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ẹja pọ̀ lọ́dún yẹn, kí n má parọ́. Bàbá mi jẹ epìyà títí ó fi gbàgbé pé inú omi ló ti jáde. Àwọn apẹja yòókù wá tọrọ ewé, Bàbá Múlí sì bù fún wọn tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí òjò dé, ewé fo ọ̀pá. Ó ń bí sí i tọ̀sán tòru, títí ohun tó jẹ́ ọgbà lánàá fi di pápá tó bo omi láti etí dé etí. Ewúrẹ́ kan rò pé ilẹ̀ ni, ó fẹ́ rìn kọjá, díẹ̀ ló kù kó bómi lọ. A rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́. Ọkọ̀ kò lè gúnlẹ̀ mọ́, àwọn oníṣòwò bá ń gba ojú títì lọ sọ́jà ibòmíràn. Gbogbo èbúté jáde, wọ́n fi àdá gé e, wọ́n fi ọwọ́ fà á, wọ́n kó o jọ sétí omi bí òkìtì. Tílẹ̀ bá fi mọ́, afẹ́fẹ́ á ti ti òmíràn dí àyè tí wọ́n ṣí. Lèmọ́mù ṣàdúà, pásítọ̀ gbàdúrà. Ewé kò dá ẹnì kankan lóhùn. Ọ̀gá kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba wọ bàtà rọ́bà wá wò ó, ó ní nǹkan burúkú ni. Ìyẹn la ti mọ̀ kó tó dé.

Múlí wá sọ fún mi lójú ọ̀nà ilé ìwé pé bàbá òun ní bí omi kò bá ṣí títí Iléyá, àwọn máa kó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ níbi tí ewé kò tíì dí omi, torí kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Kò sílé ìwé nítòsí ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti jáde níléèwé, àwa méjèèjì á ká yunifọ́ọ̀mù wa sókè, a ó wọ omi, a ó máa fa ewé. Ẹ wò ó ná, ọmọ méjì sí gbogbo odò. Ọwọ́ wa bó, ẹsẹ̀ ń yún wa, ìyá mi nà mí nítorí aṣọ. Ibi tí a bá ṣí lónìí, a kì í mọ ibẹ̀ mọ́ lọ́la. A kò sọ ọ́ síra wa rárá pé kò lè ṣeé ṣe. A kàn ń fà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi bá wa níbẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi ni. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀, ó wọ omi dé orúnkún, ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ó sì ń bá wa fà á. Bàbá Múlí dúró sétí omi, ó ń wò wá. Bàbá mi sọ fún un pé kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

"Ẹ̀yin Tíṣà," ó ní, "èmi ni mo gbà á lálejò. Mo tún wá kọ́lé fún un."

Bàbá mi tún tẹ̀ sínú omi, ó ń fa ewé lọ.

Iléyá kọjá. Ọkọ̀ ẹrù ńlá wá dúró níwájú ilé wọn. Ọkùnrin tí kò gba orí ilẹ̀ relé rí gun ọkọ̀ yẹn láàárín àwọn ẹní, ó fi àjẹ̀ rẹ̀ sáàárín orúnkún. Ọkọ̀ tirẹ̀ wà létí omi ní dídojúdé, adìyẹ ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Múlí tẹ̀ síta látẹ̀yìn ọkọ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Tómi bá ṣí, ojú omi ni mo máa gbà padà. Kó o máa wọ̀nà mi o."

Mo ní màá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sunkún dọ́jọ́ kejì, ìyá mi kò sì bá mi wí.

Mo wọ̀nà rẹ̀ lóòótọ́, títí wọ́n fi gbé bàbá mi lọ síléèwé mìíràn, tí a kó lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò wá a lọ. Mo wá a lọ. Nígbà tí mo dàgbà tó láti dá rìn, mo dé ìhà Àgbádárìgì, wọ́n ní ìdílé náà ti ṣí lọ, ẹnì kan ní Kútọnu, ẹlòmíràn ní Ẹpẹ́. Kò sí fóònù bíi ti ìsinsìnyí. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, èbúté wa di igbó lóòótọ́. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ oníkápù yẹn nìyí: kò parọ́. Igbó ni wọ́n bá níbẹ̀. Ewé náà ṣì ń bọ̀ títí dòní, ẹ̀rọ ńlá kan ló ń kó o láràárọ̀ kí àwọn àlejò tó dé. Ó pẹ́ láyé ju gbogbo àwa tó bá a jà lọ.

Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan fọn fèrè, ó sì gúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Omi ti ṣí. Mo dìde láìmọ̀ lórí àga tí ọmọ mi wá fún mi, mo lọ dúró síbi tí àwọn èrò ń gbà sọ̀ kalẹ̀, mo ń wo ojú obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi bi mí ta ni mò ń wá. Mo ṣì ń wo ojú wọn lọ. Ojú ọmọdé kan ni mo mọ̀, ojú yẹn kò sì sí láyé mọ́, ìbáà ṣe pé ẹni tó ni í wà láàyè. Obìnrin kan tí a jọ lè jẹ́ ẹgbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó rí i pé mò ń wo òun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ kú ìdúró o," ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ. Mo kí i padà. N kò mọ̀ bóyá òun ni.