Jíìnì Ni Dókítà Wí, Jínnì Ni Bàbá Mi Gbọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ìlọrin. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ ọ́!

Sídíkátù àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ télọ̀ ní Odò-Ọwá. Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ ọ. A ní abẹ́rẹ́ tó ń tẹjú mọ́ ló fà á, la bá ń fún un ní parasitamọ́ọ̀lù. Àfìgbà tó ṣubú lulẹ̀ nídìí ẹ̀rọ! Inú ẹrẹ̀ ni bọ́ọ̀sì gbé e gbà dé Ìlọrin. Nílé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán orí ẹ̀, wọ́n ní kókó wà nínú ọpọlọ, pé tí wọn ò bá tètè yọ ọ́, ó lè gba ẹ̀mí ẹ̀.

Bàbá wa gbà fún iṣẹ́ abẹ. Àfi bí dókítà obìnrin kan ṣe wọlé, tó ní àwọn fẹ́ tọ́jú díẹ̀ nínú kókó náà fún ìwádìí, káwọn lè yẹ jíìnì inú ẹ̀ wò.

Yéè! Bàbá fò dìde. Wọ́n ní ṣebí àwọn ti sọ pé ojú lásán kọ́! "Dókítà fúnra ẹ̀ ti rí jínnì! Ẹ kó ẹrù ọmọ mi, ulé Ààfáà là ń lọ!"

Ṣé ẹ rí wàhálà? Àlùjọ̀nnú tí àwọn Ààfáà ń lé ni Bàbá gbọ́ o! Wọ́n ti gbé báàgì kọ́ apá, àwọn tó fẹ́ gbé Sídí lọ fún iṣẹ́ abẹ sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ẹ dákun Bàbá, ta ló fún Sídí ní èjí ẹnu ẹ̀? Wọ́n ní ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe àwọn. Mo ní ohun tó gbé èjí náà láti ara yín dé ara ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní jíìnì.

Ohùn Bàbá wá lọ sílẹ̀: "Ṣé èmi náà ni mo fún un ní kókó yìí?"

Ha! N ò ro ìyẹn rárá. Dókítà ló gbà mí. Ó kúnlẹ̀, ó ní rárá, irú èyí kì í sábà jẹ́ àjogúnbá. Jíìnì kan ló ṣìnà nínú ara ọmọ náà fúnra ẹ̀, ìdí tó fi ṣìnà gan-an làwọn ń wá.

Bàbá tẹ̀ka sí ìwé ìyọ̀ǹda. Wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà títí àwọn dókítà fi gbé Sídí jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tó lajú, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ní ṣé ó mọ àwọn. Ó wò wọ́n títí. Kò fọhùn. Ló bá rẹ́rìn-ín, èjí yọ. Bàbá sunkún bí ọmọdé.

Ẹ gbọ́, ká tó bá àgbà jà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ dókítà wo ló ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Bàbá ní kí n máa kà á fún àwọn, ṣùgbọ́n kí n pè é dáadáa o!