Okùnfà Tó Rán Màmá Kọ́kọ́rọ́ sí Yàrá Tí Èèyàn Wà

Ẹ gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ti obìnrin yìí!

Ọdún méjìlá gbáko ló fi jókòó sí ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rin kan. Akọ̀wé ni gbogbo wọn ń pè é. Jókòó kẹ̀? Ìjókòó wo! Bí àlejò bá lọ, tàbí tó pààrọ̀ yàrá, òun náà ló ń gun àtẹ̀gùn lọ sọ fún Màmá Kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá àwọn tó ń tún yàrá ṣe. Orúnkún rẹ̀ ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Bó bá délé, ọkọ rẹ̀ á kàn gbé omi gbígbóná wá, kì í tilẹ̀ bi í léèrè mọ́.

Ló bá kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ okùnfà. Àṣẹ kékeré ni, téèyàn ń kọ sínú àkójọ ìsọfúnni inú kọ̀ǹpútà. Á lúgọ síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí ìlà kan níbẹ̀, irú èyí tó gbé orúkọ àlejò àti nọ́ńbà yàrá rẹ̀, bá ti yí padà báyìí, á ta kìjí, á ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an! Akọ̀wé kọ méjì: ọ̀kan fún àlejò tó ń lọ sílé, ọ̀kan fún èyí tó ń pààrọ̀ yàrá. Nọ́ńbà yàrá tó ṣófo á yọ lórí fóònù Màmá Kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan péré láti dán an wò.

Ọjọ́ mẹ́rin, àlejò ń lọ, nọ́ńbà ń yọ, orúnkún ń sinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rọ omi yàrá kejìlá ń jò. Akọ̀wé gbé ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ sí yàrá kọkàndínlógún, ó yí nọ́ńbà padà, ó fẹ̀yìn ti àga. Kò pẹ́ tí bọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń dún bọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Akọ̀wé! Ṣé o fẹ́ kí n fojú kan ìhòhò ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀ yìí ni?"

"Màmá, kí ló dé?"

"Kọkàndínlógún ni fóònù ní kí n tún ṣe. Mo kanlẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò dáhùn, mo ṣí i. Ọkùnrin náà wà nínú ọṣẹ! Ìwọ àti okùn tí ò ń fà yìí, àfi bíi pé ọrùn mi lo so ó mọ́."

Ọ̀gá gbọ́. "Tí kò bá dáa kó tó di ọ̀sán, ẹsẹ̀ ẹ la ó padà sí o."

Ó rẹ Akọ̀wé dé inú eegun. Ó ka àṣẹ náà lọ, ó kà á bọ̀. Bí ìlà bá yí padà, méjì ni okùnfà ń rí: ti àtijọ́, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àti ti tuntun. Yàrá àtijọ́ ló ṣófo. Tuntun ló kọ! Àṣà àtẹ̀gùn ló tì í. Ọdún méjìlá ló fi ń gun àtẹ̀gùn lọ sọ pé, "Ó ti bọ́ sí kọkàndínlógún o!" Màmá á sì mọ yàrá tí ẹni náà ti kúrò. Ẹni tó ń lọ sílé kò kúkú ní ìlà tuntun kankan, kò sì sẹ́ni tó pààrọ̀ yàrá ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ìyẹn ni àṣìṣe náà kò fi tètè hàn.

Ó pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, ó kọ èkejì. Obìnrin tó wà ní yàrá keje ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ibi tí ariwo títì kò dé. Akọ̀wé fún un ní kẹrìnlá. Bó ti kó ẹrù rẹ̀ débẹ̀ tán, Akọ̀wé yí nọ́ńbà padà. Fóònù Màmá ké.

"Keje. Ó dá ọ lójú? Mi ò fẹ́ rí ìdí ẹnikẹ́ni mọ́ o."

"Ẹ kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Màmá."

Màmá gòkè. Akọ̀wé tẹ́tí. Kò, kò, kò. Ó pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì balẹ̀, omi dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀gá wo Akọ̀wé, ó wo aago, ó bá tirẹ̀ lọ. Agbára àtifò fáyọ̀ kò sí. Akọ̀wé kàn bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀.

Ẹ má kàn gbà á gbọ́ lásán o! Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kọ okùnfà kan, ẹ yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà, kí ẹ fojú ara yín wo èyí tó máa yọ, àtijọ́ tàbí tuntun.