Ayálégbé Tó Ń Bi Etí Léèrè

Irin rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, irin kékeré tó là sí méjì bíi fọ́ọ̀kì. Ayálégbé wa ní Abúlé Òkúta á gbá a mọ́ orúnkún, á dijú títí ìró rẹ̀ á fi tán. Inú etí ló ń ṣèwádìí lé lórí. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, á ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi etí léèrè ná."

Láyé òyìnbó ni. Ìyàwó tuntun ni mí. Bí ìyá ọkọ mi bá pè mí nídìí ààrò, ìgbà mìíràn mi ò ní dáhùn. Ó ní mo gbéraga, òun á dá mi padà sílé bàbá mi.

Ọkùnrin náà gbé irin sí etí ọ̀tún mi. Kẹ́kẹ́ pa. Ó gbé e sí tòsì: wììn! Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, kò gbéraga. Etí ọ̀tún rẹ̀ ló di."

"Ṣé ẹ lè wò ó sàn?"

"Rárá, mà. Inú lọ́hùn-ún ló ti bàjẹ́. Ohun tí mò ń wá ojútùú sí nìyẹn, mi ò tíì rí i."

Lọ́jọ́ kejì, mo ń yan ẹja lọ́wọ́, mo rí ìyá ọkọ mi tó rọra yí ààrò po wá sí apá òsì mi.

"Ìyàwó," ló wí.

Mo kúnlẹ̀, mo dáhùn.