Aago Tó Fi Wákàtí Kan Yá

Ẹni tó bá sọ pé Monílọ́lá Akínsànyà, ìyá Àánú, máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ó purọ́ mọ́ ọn. Lọ́dún tí owó ọkọ̀ ń fò sókè lójoojúmọ́ yẹn, ìdájí ló ń wọ bọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé iléèwé aládàáni kan. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní irọ́ ni, ó ń pẹ́.

Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Bí òṣìṣẹ́ bá ti tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ á kọ àsìkò tó dé sílẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ilé yá. Alàgbà Adébùsóyè tó ni iléèwé ló ṣòfin náà, ọkùnrin tó máa ń wàásù pé iṣẹ́ Èṣù ni káàdì títa. Monílọ́lá ló ń tan ẹ̀rọ láràárọ̀, á sì bá aago rẹ̀ tó ti fi wákàtí kan yá. Kó tó tún aago ṣe fáwọn yòókù, orúkọ tirẹ̀ á ti wọlé. Ó ra bátìrì kékeré tuntun tó ń gbé aago ẹ̀rọ l'Ọ́jà Ọba, pàbó ló já sí.

"Ìyáàfin, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé," ni Alàgbà wí láàárọ̀ Ọjọ́rú.

Inú bí i. "Mo kúrò ní ulé kí ulẹ̀ tó mọ́, sà! Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Bí Alàgbà ti lọ wo àwọn ọmọ níbi àdúrà, Monílọ́lá ronú. Bí bátìrì bá kú, ọjọ́ àti ọdún ló ń dà rú. Kí ló dé tó jẹ́ wákàtí kan géérégé? Linux máa ń tọ́jú aago Greenwich, ti ìlú Òyìnbó, sínú ẹ̀rọ, á fi wákàtí kan kún un kó lè di tiwa. Windows àtijọ́, ètò mìíràn tó wà lápá kejì ẹ̀rọ, kì í fi nǹkan kan kún un. Ó ṣí apá ibẹ̀. Eré káàdì orí kọ̀ǹpútà ló bá níbẹ̀, wọ́n ta á dé ìdajì, orúkọ Alàgbà ló sì wà lókè àwọn tó jáwé olúborí.

Ọ̀rọ̀ wá yé e. Bó ṣe ń fa aago sẹ́yìn láàárọ̀ ni Alàgbà, tó ń rí i pé ó pẹ́ nínú Windows, ń tì í síwájú nírọ̀lẹ́.

Alàgbà wọlé, ó rí káàdì, ó yára ti ilẹ̀kùn. "Rọra sọ̀rọ̀. Ṣé aago lè dára kí... kí nǹkan yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Ìlà àṣẹ kan péré ni mo máa tẹ̀, sà, Linux á mọ̀ pé aago Nàìjíríà ló wà nínú ẹ̀rọ." Ó káwọ́ lẹ́rán. "Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn rẹ́ ná."

Alàgbà mú ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn tó pẹ́ sí, ó fa bírò lé e, bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé. Ó wá fa àga sún mọ́ ọn.

"Ìyá Àánú, ọba pupa yẹn, ibo ni kí n gbé e sí?"